Bíìlì gáàsì ìgbà òtútù nílùú Ọba: ohun tó wà nínú ẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe lè dín in kù

Tó bá ti di ìparí oṣù kẹwàá, tí wọ́n bá ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nílùú Ọba, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gbòde láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Ìkejì ni bíìlì. Ẹni tó ń san £30 lórí gáàsì lóṣù kẹsàn-án lè ṣí fóònù ẹ̀ lóṣù kìíní, kó rí £150, kó wá máa bi ara ẹ̀ pé ṣé gbogbo àdúgbò lòun ń dáná fún ni.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kì í dáa. Àwọn kan á pa heating pátápátá, wọ́n á máa wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ọmọ á máa wúkọ́. Àwọn mí-ìn á jẹ́ kó máa jó tọ̀sán-tòru, torí pé wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dínwó, wọ́n á wá fi owó ilé san owó gáàsì. Ìyà tó ń jẹ àwọn méjèèjì, ibì kan náà ló ti wá: owó ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ohun tí wọ́n ń rà. Tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò bíìlì yẹn, ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ ti lè fà á wálẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ fi òtútù pa ara yín.

Gáàsì ibẹ̀ kì í ṣe ti sílíńdà

Nílé, gbogbo wa la mọ bá a ṣe ń ra gáàsì. Ẹ gbé sílíńdà lọ, wọ́n rọ ọ́ fún yín ní kílò, ẹ sanwó, ẹ gbé e wálé. Tó bá tán, ó tán. Ẹ ò lè jẹ gbèsè gáàsì tẹ́ ẹ ò tíì rà.

Nílùú Ọba, inú páìpù ló ń gbà wọlé. Kì í tán, ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti lò ó ni wọ́n tó ń béèrè owó ẹ̀. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ni wọ́n fi ń sè. Boiler tó wà lára ògiri ló ń jó o, òun ló ń mú omi tó ń yí ká inú àwọn radiator gbóná, òun náà ló ń mú omi ìwẹ̀ gbóná nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales lọ́dún 2021, bíi ìdílé mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé gáàsì orí páìpù nìkan ni wọ́n fi ń mú ilé wọn móoru.

Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ gáàsì àti iná, ìyẹn Ofgem, fi 11,500 kWh ṣe òdiwọ̀n gáàsì tí ìdílé kan ń lò lọ́dún kan ní 2025. Sílíńdà 12.5kg tá a mọ̀ nílé ní agbára bíi 170 kWh nínú. Ẹ pín in síra, bíi sílíńdà 67 nìyẹn lọ́dún kan. Ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pípa iná lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ní kíákíá ò fi ní í tu bíìlì yín lára. Oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ gáàsì yín, ilé ni.

Ohun mẹ́rin tó para pọ̀ di bíìlì

Ohun àkọ́kọ́ ni kWh, ìyẹn iye gáàsì tẹ́ ẹ lò. Ìkejì ni iye tí wọ́n ń ta kWh kan. Ìkẹta ni standing charge, owó ojoojúmọ́ tẹ́ ẹ máa san bẹ́ ẹ tan gáàsì o, bẹ́ ẹ ò tan án o. Ìkẹrin ni VAT, ó sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lórí gáàsì inú ilé.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé mítà kì í ka kWh. Bí gáàsì tó gba inú páìpù kọjá ṣe pọ̀ tó ló ń kà, ó sì sábà máa ń jẹ́ m³. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún yín ló máa wá sọ ọ́ di kWh. Wọ́n á fi 1.02264 sọ m³ yẹn di púpọ̀, wọ́n á tún fi nọ́ńbà tó ń sọ bí ooru inú gáàsì ọ̀hún ṣe pọ̀ tó, tó máa ń wà ní bíi 39 sí 40, sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá fi 3.6 pín in. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Lákòótán, m³ kan jẹ́ bíi 11.2 kWh.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní mítà wà ní 4310 ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, tó sì wà ní 4430 nígbà tí oṣù parí. 120 m³ lẹ lò. Ẹ fi 11.2 sọ ọ́ di púpọ̀, bíi 1,344 kWh nìyẹn. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún 2025, iye tí Ofgem fi ṣe gbèdéke fún kWh kan jẹ́ pẹ́ńsì 6.29 fún ẹni tó ń san owó nípasẹ̀ direct debit, standing charge sì jẹ́ bíi pẹ́ńsì 34 lójúmọ́. VAT ti wà nínú méjèèjì. Owó gáàsì yín á jẹ́ bíi £84.50, standing charge ọjọ́ 31 á jẹ́ bíi £10.50. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ £95. Owó yìí máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti agbègbè kan sí èkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Nínú £95 yẹn, £10.50 péré ni ẹ ò lè fọwọ́ kàn. Gbogbo ìyókù, iye kWh ló ń gbé e.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lórí mítà. Àwọn mítà àtijọ́ kì í lo m³, ft³ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 2.83 sọ nọ́ńbà tiwọn di púpọ̀ kó tó di m³. Tí ilé-iṣẹ́ yín bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mítà àtijọ́ lẹ ní, tó sì jẹ́ tuntun lẹ ní, wọ́n á máa gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn rí. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára mítà, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí bíìlì. Ìṣẹ́jú méjì ò lè kọjá lórí ẹ̀.

Price cap ò sọ pé bíìlì yín ò lè kọjá iye kan

Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ofgem ti ń fi gbèdéke sí owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn iye kan pàtó. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yí i padà báyìí. Nígbà tí ìròyìn ní price cap ti di £1,755 lóṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ẹni tó máa san ju £1,755 lọ lọ́dún. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iye tí wọ́n ń ta kWh kan àti standing charge ni wọ́n fi gbèdéke sí. £1,755 yẹn, owó ìdílé tó ń lo 11,500 kWh gáàsì àti 2,700 kWh iná mànàmáná ni. Ẹni tó bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ á san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2021, £1,277 ni cap yìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ti kógun wọ Ukraine, ó ti fò dé £3,549. Ìjọba ní láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fà á wálẹ̀ sí £2,500 fún irú ìdílé tá à ń sọ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń gbé Peckham tàbí Manchester tó lè dá ìyẹn dúró. Iye tí wọ́n ń ta gáàsì, ọjà àgbáyé ló ni ín. Iye kWh tó ń gba inú mítà yín kọjá, ọwọ́ yín ló wà.

Nọ́ńbà tí wọ́n fojú bù

Kẹ́ ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun tẹ́ ẹ lò gan-an ni wọ́n ń gba owó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà E tàbí estimated lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mítà lórí bíìlì, wọ́n kàn fojú bù ú ni. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó gbé ilé yẹn kẹ́ ẹ tó dé ní ọmọ mẹ́rin, tó ń tan heating láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìwọ̀n tiẹ̀ ni wọ́n ń fi ka tiyín. Smart meter pàápàá lè dákẹ́, kó má fi nọ́ńbà ránṣẹ́ mọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó wọlé, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya fọ́tò mítà. Ẹ máa yà á ní ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ lórí áàpù wọn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ẹ tún yà á. Tí wọ́n bá sì gbé bíìlì ńlá kan wá lójijì fún ohun tẹ́ ẹ lò láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, òfin Ofgem wà lẹ́yìn yín: wọn ò lè gba owó gáàsì tó ti ju oṣù 12 lọ tí wọn ò bá ti fún yín ní bíìlì tó péye lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dí wọn lọ́wọ́.

Direct debit náà lọ́gbọ́n tiẹ̀. Wọ́n á fojú díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ máa lò lọ́dún kan, wọ́n á fi oṣù 12 pín in, iye kan náà lẹ ó máa san. Nígbà ooru, ẹ ò lò tó ohun tẹ́ ẹ san, owó yín á máa kóra jọ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà òtútù, ẹ máa jẹ owó yẹn. Ẹni tó bá kó wọlé lóṣù kọkànlá ò ní ohun kankan nílẹ̀ o. Àárín òtútù ló máa bẹ̀rẹ̀, kíá ló sì máa wọ gbèsè, wọ́n á wá fi kún owó oṣooṣù ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fi owó díẹ̀ pa mọ́ fún oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, kẹ́ ẹ má ṣe fi bíìlì àkọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n.

Bí ooru ṣe ń sá jáde

Ooru kì í jókòó síbì kan, ibi tó tutù ló máa ń sá lọ. Ilé tí wọ́n ti kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria ṣì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń háyà, ògiri bíríkì lásán, tí kò ní ohunkóhun nínú tó lè dá ooru dúró. Kéèyàn máa mú irú ilé bẹ́ẹ̀ móoru dà bí ẹni ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ń bu ú náà ló ń jò.

Bó ṣe ń jò tó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú ilé àti ìta ló ń pinnu ẹ̀. Ká ní ìta wà ní 7°C, tí inú ilé wà ní 21°C. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 14. Tẹ́ ẹ bá sọ inú ilé di 20°C, ìyàtọ̀ á di 13. Ẹ ti dín ooru tó ń jò kù ní ìdá kan nínú 14, ìyẹn bí ìdá 7 nínú 100. Lórí bíìlì tá a fi ṣe àpẹẹrẹ, bíi £5 sí £6 nìyẹn lóṣù kan, dìgírì kan péré sì ni.

Èyí náà ló dáhùn ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bèèrè: ṣé kí heating máa jó díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló dára, àbí kéèyàn máa tan án nígbà tó bá nílò ẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ ilé tó ń lo boiler gáàsì, ẹ tan án nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Gbogbo wákàtí tí ilé fi móoru tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ẹ̀ ń mú ojú títì móoru ni. Ẹ lo aago tó wà lára ẹ̀: kó tàn ní bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó jí, kó kú kẹ́ ẹ tó jáde, kó tún tàn kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ẹ má sì fi thermostat wé ọ̀kadà tẹ́ ẹ lè fún níná kó lè sáré. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí 30°C, ilé ò ní yára móoru ju bó ṣe máa yára lọ tẹ́ ẹ bá gbé e sí 20°C. Boiler ò kàn ní í dúró nígbà tó bá dé 20 ni, á máa jó lọ títí tẹ́ ẹ ó fi máa ṣí fèrèsé.

Bọ́tìnnì kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọwọ́ kàn rí

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí pé kò gba owó kankan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2005 ni òfin ti ní kí ọ̀pọ̀ boiler tuntun tí wọ́n bá ń gbé sínú ilé ní England àti Wales jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní condensing. Ẹ rí bí èéfín ọbẹ̀ ṣe máa ń di omi lára ìdérí ìkòkò? Ohun tí boiler yìí ń ṣe nìyẹn. Omi wà nínú èéfín gáàsì tó jó. Tí èéfín yẹn bá kan páìpù tó tutù díẹ̀, á di omi, á sì dá ooru tó gbé lọ padà sínú ilé. Ooru ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kìkì ìgbà tí omi tó ń ti inú radiator padà bọ̀ ò bá gbóná ju bíi 55°C lọ nìyẹn lè ṣẹlẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó wá gbé boiler ti fi omi radiator sí 75°C tàbí 80°C, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Ooru ọ̀fẹ́ yẹn ń gba ojú páìpù èéfín jáde lọ sí ìta. Ní 2022, àjọ Nesta bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kéèyàn gbé e wá sí 60°C tàbí kó dín díẹ̀ sí i, gáàsì tó ń lò lè dín kù ní bí ìdá 6 sí 8 nínú 100.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ wo iwájú boiler, ẹ máa rí bọ́tìnnì tó ní àwòrán radiator àti èyí tó ní àwòrán ẹ̀rọ omi. Ti radiator lẹ máa fọwọ́ kàn, kì í ṣe ti omi. Ẹ gbé e sí 60°C. Radiator ò ní máa jó yín lọ́wọ́ mọ́, ilé á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, torí náà ẹ jẹ́ kí heating tètè tàn ní ìṣẹ́jú bíi 15. Tí ilé ò bá móoru tó nígbà tí òtútù bá le gan-an, ẹ gbé e sókè díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Inú combi boiler nìkan lẹ ti lè dá ṣe èyí, ìyẹn èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, tí kò ní táńkì omi gbígbóná. Tí táńkì bá wà nílé yín, ẹ má ṣe é láì bi oníṣẹ́, torí pé omi inú táńkì gbọ́dọ̀ gbóná dé 60°C kí kòkòrò àìsàn tó ń jẹ́ Legionella má baà hù níbẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké tó tún ń ṣèrànwọ́

Bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 1 sí 5. 3 jẹ́ bíi 20°C. Ẹ fi pálọ̀ sí 3, ẹ fi yàrá tẹ́ ẹ kì í lò sí 1 tàbí 2, kẹ́ ẹ sì pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé.

Tí òkè radiator bá tutù tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló wọ inú ẹ̀. Ẹ pa heating, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ tú u díẹ̀ títí tí omi fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kẹ́ ẹ wá dé e padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo boiler bóyá nọ́ńbà bar ẹ̀ ṣì wà láàárín 1 sí 1.5.

Ẹ sún àga kúrò níwájú radiator. Ẹ má jẹ́ kí kọ́tìnì bò ó mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fèrèsé lẹ̀ ń mú móoru. Ẹ fa kọ́tìnì pa tílẹ̀ bá ti ṣú. Àǹkárá àtijọ́ tẹ́ ẹ ká jọ sábẹ́ ilẹ̀kùn máa ń dá afẹ́fẹ́ tútù dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sára ògiri.

Ẹ ṣọ́ra fún heater oníná

Ọ̀pọ̀ tó bá ti rí bíìlì gáàsì máa ń sáré lọ ra heater oníná kékeré ní £20. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Heater 2 kW tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún á jẹ 10 kWh. Ní ìparí ọdún 2025, pẹ́ńsì 26.35 ni gbèdéke kWh iná mànàmáná kan, torí náà £2.64 nìyẹn. Tí boiler gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bá fẹ́ pèsè ooru kan náà, á jó bíi 11 kWh, owó ẹ̀ á jẹ́ bíi pẹ́ńsì 70. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, £79 rèé, £21 rèé.

Àyè tiẹ̀ wà. Ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ jókòó ní yàrá kan fún wákàtí kan lè lò ó dípò kó mú gbogbo ilé móoru. Èyí tó tún dínwó jù ni bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná. Èyí tó ń jẹ 100 wáàtì á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá kó tó jẹ 1 kWh. Pẹ́ńsì 26 péré nìyẹn.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín

Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ béèrè EPC ẹ̀, ìwé tó ń fi lẹ́tà A dé G sọ bí ilé ṣe ń gbá ooru mú tó. Ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ní England àti Wales, ilé tí wọ́n bá fẹ́ fi háyà ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju E lọ, àfi tí wọ́n bá gba àyọ̀ǹda. Ilé C tí wọ́n fi £30 gbówó lé lè dínwó ju ilé E lọ nígbà tí òtútù bá dé.

Tó bá jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lórí bíìlì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ilé-iṣẹ́ tó máa ta gáàsì fún yín, kódà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé. Tó bá jẹ́ pé lándílọọ̀dù ló ń ra gáàsì, tó wá ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tóun fúnra ẹ̀ rà á lọ. Ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe yẹ àwọn ẹ̀rọ gáàsì wò, kó fún yín ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo mítà tí wọ́n ń rọ owó sí, ẹ rántí pé standing charge ń ka lọ nígbà ooru náà. Ẹ máa rọ owó díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ má baà rọ £20 lóṣù kẹwàá kí gbèsè jẹ apá kan nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kó wọ ilé tí gbèsè ẹlòmí-ìn wà lórí mítà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kẹ́ ẹ tó rọ owó sí i. Gbèsè yẹn kì í ṣe tiyín.

Tówó ò bá sí, ẹ má dákẹ́. Òfin Ofgem ní kí wọ́n bá yín ṣe ètò ìsanwó tí agbára yín ká. Ẹ̀dínwó £150 tó ń jẹ́ Warm Home Discount wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba kan ló wà fún, ọ̀pọ̀ ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yẹn. Àmọ́ Priority Services Register kì í ṣe owó ìrànlọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá lóyún, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tàbí tẹ́ ẹ bá ní àìsàn tó lágbára, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ gáàsì yín kí wọ́n lè máa tọ́jú yín lọ́nà ọ̀tọ̀. Citizens Advice náà máa ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ ti ṣọ́wó ná

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí inú ilé má rẹlẹ̀ ju 18°C lọ nígbà òtútù. Tí ọmọdé, àgbàlagbà tàbí aláìsàn bá wà níbẹ̀, ó yẹ kó tún móoru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó bá tutù jù, tẹ́ ẹ wá ń sá aṣọ tútù sínú ẹ̀ láì ṣí fèrèsé, ara ògiri ẹ̀ ni omi á ti máa kóra jọ. Nǹkan dúdú tí wọ́n ń pè ní mould á wá hù níbẹ̀, ìyẹn sì burú fún èémí ọmọ. Ẹ máa ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá dáná tán.

Ẹ má tan ààrò gáàsì kẹ́ ẹ wá ṣí i sílẹ̀ láti fi yáná. Ẹ má gbé iná èédú wọ inú ilé. A mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti fojú ìdílé rí nílé, tí wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́. Carbon monoxide tó pa wọ́n yẹn, òun náà ló ń jáde látinú iná èédú àti boiler tó bà jẹ́. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké tó bá wà nínú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì tàbí tẹ́ ẹ bá fura, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ pe 0800 111 999, tọ̀sán-tòru ni wọ́n máa ń gbé e.

Níbo lẹ máa wá bẹ̀rẹ̀? Ẹ ka mítà lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ tún kà á lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá gbé omi radiator sí 60°C, kẹ́ ẹ dín thermostat kù ní dìgírì kan. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ kẹta. Tí òtútù ọ̀sẹ̀ méjèèjì ò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn á sọ fún yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní í dúró de bíìlì kẹ́ ẹ tó mọ̀.